Ẹni Tó Ń Pín Àdírẹ́sì

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe obìnrin kan ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ má rò pé kọ́kọ́rọ́ ló ń tà, ẹ má sì rò pé ẹnu ọ̀nà ló ń ṣọ́. Àpótí lẹ́tà ló ń ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ omi, àwọn àpótí tí ojú kì í rí, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà, tí lẹ́tà gbogbo òṣìṣẹ́ ń já sí. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, òun ni yóò la àpótí fún un, tí yóò sì fún un ní àdírẹ́sì. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ni yóò ti tirẹ̀ pa. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, á sáré wá bá a bí ọmọ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ gbà mí, wọ́n ti tì mí síta!"

Òun náà á dáhùn láìgbójú sókè pé, "Ta ló tì ọ́? Ìwọ lo ti ara rẹ. Jókòó."

Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru kí ara àwọn kọ̀ǹpútà ńlá má baà gbóná. Ara ẹni tó ń tọ́jú wọn, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó tutù. Lásìkò tí oòrùn bá ń bọ́ àwọn èèyàn láṣọ níta, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ nísàlẹ̀ yẹn, ó tún ń fẹnu fẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn yòókù tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe é, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Wọ́n á ṣí àpótí kan, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ṣí òmíràn. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò ní sùúrù irú ìyẹn. Ojú kan ló máa ń ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ojú tó dú bíi kóró iṣin, tí kò ní àwòrán, tí kò ní ọ̀ṣọ́. Á tẹ ìlà kan sí i, gbogbo àpótí ilé-iṣẹ́ á sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iṣẹ́ bá gùn, á kó àwọn ìlà náà jọ sínú fáìlì kan, ìwé àṣẹ ló ń pè é, á sì rán an lọ bí ìyá ṣe ń rán ọmọ tí kì í béèrè ìdí. Ọmọ tí kì í béèrè ìdí dùn ún rán o. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá gbàgbé láti sọ fún un, kò ní bá ọ rántí ẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kóòtù tú wọn ká, ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Orúkọ yẹn ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Orúkọ yẹn ló wà lára gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni àdírẹ́sì rẹ̀ níbi iṣẹ́: lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tirẹ̀, kí orúkọ ọkọ tẹ̀lé e. Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà ló ti ń lò ó.

"Aṣọ tó gbó sí mi lára ni," ló máa ń wí. "Ẹni tó rà á kò lè ní kí n bọ́ ọ lójú títì."

Obìnrin tí ọkọ náà wá fẹ́, ilé-iṣẹ́ omi yìí kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́, lókè pátápátá, ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Àǹtí Òkè ni wọ́n ń pè é. Ó rẹwà, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bàtà rẹ̀ sì ń dún kó-kó-kó lórí àtẹ̀gùn tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fi mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan náà ni. Nígbà tó wá gba orúkọ ọkọ, àwọn méjèèjì di ìbejì tí kò sí ìyá tó bí wọn pọ̀.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló ń dun Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jù. Ọmọ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ìlú mìíràn ló ń gbé. Nígbà tí bàbá lọ, ọmọ yìí ní òun kò ní bá bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ìyá òun, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Lọ́dún tó kọjá ló wá mú ọkùnrin kan wá han ìyá. Awakọ̀ tó ń gbé epo ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti láya rí.

"Ọkùnrin tó ti fi ẹnì kan sílẹ̀ rí," ni ìyá wí, "o fẹ́ lọ fún un ní ẹnì kejì tó máa fi sílẹ̀? Wo ojú mi dáadáa. Èmi ni ìwé tó yẹ kó o kà."

Inú bí ọmọ. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lọ́kọ fi sílẹ̀, èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ wọ egungun. Ìyá ní, "Ó dáa. Máa lọ. Má sì pè mí mọ́."

Ọmọ kò pè é mọ́ lóòótọ́. Ìyá náà kò pè é. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, orí kunkun kan náà. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ọmọ tó bí. Láti kékeré, bí àwọn méjèèjì bá jà, ọmọ yìí kì í lè bẹ̀bẹ̀ lójúkojú. Yóò lọ jókòó níbì kan, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ìyá ló kọ́ ọ ní àdírẹ́sì yẹn nígbà tí kò tíì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tán, bí ẹni ń kọ́ ọmọ lórin, kó lè máa rí òun níbi yòówù tó bá wà. Nítorí náà, bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, àpótí tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́tà ọmọ rẹ̀ ló ń retí. Kò tíì dé, ṣùgbọ́n yóò dé.

Ìgbà tó ń retí báyìí ni wọ́n gbé Ọ̀gá Àgbà tuntun wá. Ọkùnrin náà wo àdírẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́, ó fajú ro. Onílé ń jẹ́ tirẹ̀, àlejò ń jẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan ń lo orúkọ àbísọ, àwọn kan ń lo ìnagijẹ. Akọ̀wé tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, Jayéorí ni àdírẹ́sì tirẹ̀. Ẹ wo ẹni tí omi kò yọ nílé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí Jayéorí!

Ọ̀gá Àgbà pàṣẹ: kí gbogbo àdírẹ́sì gba ìlànà kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹni, kí orúkọ ìdílé tẹ̀lé e. Bí ti ẹni méjì bá pàdé, kí èyí tó dé gbẹ̀yìn gba nọ́ńbà méjì, ìyẹn 2, sídìí. Ọ̀gá tó wà lórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló gbé àṣẹ náà wá sísàlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, Ṣéótiparí ni wọ́n sọ ọ́.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ṣé ó ti parí?"

"Ẹ ò tíì rán mi níṣẹ́ náà tán, ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń béèrè rẹ̀ sílẹ̀ ni."

Ó jókòó, ó kọ ìwé àṣẹ. Ó rò ó bí obìnrin tó fẹ́ tún ilé ṣe: kó gbogbo ẹrù síta, gbá ilẹ̀ mọ́, kí o tó máa to tuntun. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ bọ́ gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ kúrò lára gbogbo àpótí. Àwọn ìlà tó tẹ̀lé e ń lọ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, wọ́n ń fún wọn ní tuntun, wọ́n sì ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ti gbà á ṣáájú. Ó kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ nìkan. Kò sí awakọ̀ méjì tí orúkọ wọn pàdé, gbogbo rẹ̀ sì lọ geerege.

Ó mọ̀ pé ti òun àti ti Àǹtí Òkè yóò pàdé. Irú ìyẹn kọ́ ni èèyàn ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Èmi ni mo ti wà níbẹ̀," ló wí nínú ara rẹ̀. "Ẹni tó ti jókòó sórí àga, òun lalága." Kò rántí pé ìlà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti gbé òun alára dìde lórí àga náà. Ìgbálẹ̀ kò mọ ẹni tó nilé. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ń wá láti òkè sí ìsàlẹ̀, ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà ló ṣáájú, yàrá tí kò ní fèrèsé ló kẹ́yìn.

Ó rán ìwé àṣẹ lọ. Ọ̀rọ̀ funfun ń sáré lójú dúdú bí èèrà tó rí ṣúgà. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ó ti tán. Ó wo ti àwọn awakọ̀, ó dára. Ó wo ti Ọ̀gá Àgbà, ó dára. Ó wo tirẹ̀.

Nọ́ńbà méjì.

Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí Jayéorí ti ikùn rẹ̀ wọlé, tó ń ṣọ̀fọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ tó kú. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ ti pa mí! Orúkọ bàbá mi gùn ju ọ̀nà oko lọ, ta ló fẹ́ máa tẹ gbogbo..." Ojú rẹ̀ bá kọ̀ǹpútà. "Háà. Nọ́ńbà méjì kẹ̀? Ẹ̀yin ìyáálé?"

"Ta ni ìyáálé? Mi ò sí nílé ẹnì kankan."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ yí i padà. Ṣebí ìlà kan ni?"

"Ìlà kan ni."

Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́. Ó lọ bá Ṣéótiparí, ó ṣàlàyé pé òun ṣe àṣìṣe, pé ó yẹ kí ẹni tó ti ń lo orúkọ kan tẹ́lẹ̀ máa lò ó lọ. Ṣéótiparí ń fi bírò gbá eyín rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ gbọ́. Wọ́n ti fi àdírẹ́sì àwọn ará òkè ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Tí mo bá ní kí ẹ yí ti obìnrin yẹn, kí ni wọ́n máa sọ lókè? Wọ́n á ní àwọn orogún ti gbéjà wọnú kọ̀ǹpútà mi. Ẹ lọ bá a sọ ọ́. Tó bá fi lè gbà, ẹ yí i lójú ẹsẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má dá a ṣe o. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni mò ń rí."

Bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣe gun àtẹ̀gùn lọ sókè nìyẹn, pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Fèrèsé mẹ́rin ló wà nínú yàrá Àǹtí Òkè, ìmọ́lẹ̀ sì kún ibẹ̀ bí omi.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni kí n fún yín?"

"Mi ò jókòó. Àdírẹ́sì tí wọ́n fún ọ yẹn, tèmi ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Ìwé àṣẹ ló ṣàṣìṣe."

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìwé àṣẹ náà ni, mà?"

"Èmi ni."

Àǹtí Òkè wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà méjì sí mi nídìí, ta ni kò ní fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nínú ilé yìí? Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ti jẹ orúkọ yẹn pẹ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ ẹ́ láìní nọ́ńbà."

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nígbà náà tí ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe: ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ tó lè fi padà sọ́dọ̀ mi nìyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró níwájú ẹni tó gba ọkọ rẹ̀, kó wá sọ fún un pé ọmọ pàápàá ti lọ? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

"Lẹ́tà lè wá," ló kàn sọ.

"Lẹ́tà ta ni, mà?"

"Ti ẹnikẹ́ni."

"Tó bá ti wá, màá fi ránṣẹ́ sí yín kíá. Mo ṣèlérí, mà."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Jayéorí ń wá gbà á nímọ̀ràn: "Ẹ yọjú wo àpótí rẹ̀ ná. Ta ló máa mọ̀? Kọ́kọ́rọ́ gbogbo wa ò sí lọ́wọ́ yín?"

"Ìdí tó fi wà lọ́wọ́ mi náà nìyẹn. Aṣọ́nà tó bá ń yọjú wo yàrá onílé, olè ni. Kò tíì jalè ni."

Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ kò kó lọ, tí ọmọ kò bù kù, ni pé kò sẹ́ni tó lè na ìka sí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó dì í mú. Àǹtí Òkè náà sì ń ṣe bí ó ti wí. Ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lóòótọ́: ìkéde àwọn tó ń ta bàtà, ìkìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́kọ̀ sí ẹnu géètì, ọ̀rọ̀ ìkíni láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Yóò kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, "Ó dà bíi pé tiyín ni, mà." Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rí i, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó lè fi ìkéde bàtà ránṣẹ́, ṣé lẹ́tà ọmọ ni kò ní fi ránṣẹ́?

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni, ó ń dùn bí ohùn ẹni tó jẹun yó.

"Ìyá ọmọ mi! O kú oríire o! Ọmọ wa ti bímọ. Obìnrin ni, ó jọ ẹ́ níwájú orí."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ wa náà kẹ̀. Ilé mi ló wà láti bí oṣù mélòó kan, òun àti ọkọ rẹ̀. Wá kí i."

Kò rántí bó ṣe dé ibẹ̀. Ohun tó rántí ni pé Àǹtí Òkè ló ṣílẹ̀kùn, tó gbé ìkòkó sí èjìká, tí kò sì lè wò ó lójú. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga gígùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àárẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀.

"Màámi, ẹ káàbọ̀," ló wí, bí ẹni ń kí ìyá ẹlòmíràn.

"O lóyún, o bímọ, o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín." Ọmọ gbójú sókè. "Mo kọ̀wé sí yín. Mo ní ẹ dárí ọ̀rọ̀ tí mo sọ jì mí. Mo ní oyún náà ń dà mí láàmú, pé mo fẹ́ wá bímọ lọ́dọ̀ yín. Bàbá ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti ka lẹ́tà mi, pé kí n máa bọ̀. Mo wá ní, ṣé báyìí ni Màámi ṣe ń bínú tó? Débi tí wọ́n fi gbé ẹ̀bẹ̀ mi lé ọwọ́ bàbá tí mo torí Màámi kọ̀?"

Ìyá yíjú sí Àǹtí Òkè. Àǹtí Òkè ti ń sunkún. "Mà, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín. Bàbá wọn ló ní kí òun kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ lè tún lé ọmọ dànù, pé kí ó wá síbí."

Ọkọ àtijọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Kò ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Lẹ́tà yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí fún ọmọ rẹ̀. "Àdírẹ́sì yẹn ti kúrò ní tèmi."

"Ta ló gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Ìwé àṣẹ ni. Wọ́n ní ká yí ti gbogbo èèyàn padà."

"Ta ló kọ ìwé àṣẹ?"

Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó ń kọ ọ́.

"Màámi." Ohùn ọmọ náà rọ̀, rírọ̀ yẹn ló sì burú jù. "Nígbà tó yí, ṣé ẹ ò ní nọ́ńbà fóònù mi ni? Ẹ ò lè pè mí, kí ẹ kàn sọ pé, 'Àdírẹ́sì mi ti yí o'? Kí ẹ má tilẹ̀ kí mi. Kí ẹ sọ ìyẹn nìkan, kí ẹ pa fóònù."

Ẹni tó lè fi ìlà kan bá gbogbo ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bojú wo báàgì tí fóònù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní i lọ́kàn láti sọ pé, "Ìwọ ni mò ń dúró dè." Ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, etí òun gan-an kò ní gbà á.

Ìkòkó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ rẹ̀ nawọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí Òkè ti ń mì í, ó ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kùn sí i létí, ìkòkó sì dákẹ́ bí ẹni tó mọ ohùn náà. Nígbà tí wọ́n gbé e fún ìyá-ìyá rẹ̀, ó tún figbe ta. Ó gbé e díẹ̀, ó dá a padà. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún. Ó ní òun fẹ́ máa lọ.

Ọmọ rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó yọ fóònù jáde. "Màámi, ẹ fún mi ní àdírẹ́sì tuntun yín."

Ó dá ọmọ lóhùn, ó ń pè é lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bó ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ń gbọ́. Àǹtí Òkè ń gbọ́. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Kí o wá fi nọ́ńbà méjì sí i."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Ṣé dáadáa ni, Màámi?" "Dáadáa ni. Ọmọ ńkọ́?" "Ó wà. Ó ti ń jókòó." Ọ̀kan nínú wọn á sì ní iṣẹ́ ń pe òun. Lẹ́tà ni kò tíì kọ.